Ìràwọ̀ Kò Ṣìnà, Kọ́ńpáàsì Fóònù Ni

Òǹkàwé kan kọ̀wé pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlọrin ni mo ń gbé. Èmi nìkan ni mo jókòó kọ áàpù ìwòràwọ̀ kan fún Android: ẹ ó na fóònù sókè, yóò sì sọ orúkọ ìràwọ̀ tí ẹ dojú kọ. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ lórí Play Store. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìràwọ̀ kan péré nínú márùn-ún ni àwọn èèyàn ń fún mi. Wọ́n ní ó ń tọ́ka síbi tí kò sí nǹkan kan. Dátà ọ̀fẹ́ ni mo lò. Ṣé kí n lọ ra èyí tó péye ni? Ìkejì, báǹkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ṣé áàpù yìí lè bọ́ mi?"

Àbúrò mi, má ra dátà kankan. Ìbéèrè méjì lo bi, orí ìdí kan náà ni wọ́n sì jókòó lé: o rò pé ojú ọ̀run ni iṣẹ́ rẹ wà. Ara fóònù ni iṣẹ́ rẹ wà. Àwọn ìràwọ̀ tí ò ń ya àwòrán wọn kò ní sún lójú ayé rẹ débi tí ojú lásán yóò fi mọ̀. Ṣùgbọ́n fóònù tó wà lọ́wọ́ ẹni tó bú ọ, páùṣì tó fi wọ̀ ọ́, àti òfin ilé ìtajà tí o gbé áàpù náà sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló lè ba ohun tí o ṣe jẹ́ láàárín ọjọ́ kan. Wàá rí i bí a bá dé ìdí ọ̀rọ̀ owó pé àtúnṣe tí kì í tán lo fẹ́ fi iṣẹ́ báǹkì pààrọ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ dátà kúrò nílẹ̀. Sátẹ́láìtì Hipparcos tí àwọn ará Yúróòpù rán lọ sókè ní 1989 ló wọn ìràwọ̀ 118,218, wọ́n sì gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1997 fún gbogbo ayé. Bright Star Catalogue kéré jù ú lọ, ohun 9,110 péré ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo ìràwọ̀ tí ojú lásán lè rí láti àríwá dé gúúsù ayé tán. Bí o bá fi báìtì 12 to ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn mẹ́jọ fún ibi tó wà, méjì fún bó ṣe mọ́lẹ̀ tó, méjì fún àwọ̀ rẹ̀, gbogbo Hipparcos kò tó mẹ́gábáìtì kan àtààbọ̀. Ní ti bó ṣe péye tó, pín dígírì kan sí ọ̀nà 3,600, kí o tún mú ẹyọ kan níbẹ̀, kí o pín in sí ẹgbẹ̀rún: nǹkan bí àṣìṣe Hipparcos fún ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ dáadáa nìyẹn. Kọ́ńpáàsì fóònù, lọ́jọ́ tí orí rẹ̀ bá pé, lè fi dígírì márùn-ún ṣìnà. Ẹni tó bá lọ ra dátà tó péye ju èyí lọ ń fi òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà wọn yanrìn ni. Sátẹ́láìtì Gaia tó ju Hipparcos lọ wà, ó ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.8, ọ̀fẹ́ lòun náà, ṣùgbọ́n fóònù kankan kò nílò rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí o wò nínú dátà rẹ ni ọdún tí wọ́n wọn ibi tí ìràwọ̀ wà sí. Ọdún 2000 ni ọ̀pọ̀ dátà tó wà nílẹ̀ ń lò. Igi àárín tí ayé fi ń yí ń rọra yà bí òkòtó tó fẹ́ sinmi, òǹkà ìràwọ̀ sì ń fi bíi 50 sún lọ́dọọdún nínú àwọn ọ̀nà 3,600 tí a pín dígírì sí yẹn. Láàárín ọdún 25, ó ti tó ìdá mẹ́ta dígírì, ó ju ìlàjì fífẹ̀ òṣùpá lọ. Ṣe àtúnṣe rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bí áàpù bá ṣí, ó tán. Ẹnikẹ́ni kò sì bú ọ nítorí èyí, àṣìṣe yẹn ti kéré jù fún wọn láti rí. Níbi ohun ọ̀fẹ́, ìwé-àṣẹ ni kí o máa kà. Kóòdù Sky Map, áàpù ìwòràwọ̀ tó jáde láti Google ní 2009, tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún aráyé ní 2012, wà lábẹ́ ìwé-àṣẹ Apache 2.0, o lè mú un kí o sì tà á. Ti Stellarium, ètò ìwòràwọ̀ orí kọ̀ǹpútà, wà lábẹ́ ìwé-àṣẹ GPL: bí o bá kó o sínú áàpù tí ò ń pín, o gbọ́dọ̀ ṣí kóòdù tìrẹ náà sílẹ̀. Swiss Ephemeris, kóòdù tó ń ṣírò ibi tí pílánẹ́ẹ̀tì wà, ní irú àdéhùn líle bẹ́ẹ̀, àfi bí o bá sanwó.

Ó wá kan ọ̀daràn gan-an. Sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta ló ń sọ ibi tí fóònù dojú kọ: accelerometer mọ ìsàlẹ̀, gyroscope mọ bí ọwọ́ ṣe ń yí, magnetometer mọ àríwá. Méjì àkọ́kọ́ kì í sábà dani. Ẹ̀kẹta ni ọ̀dàlẹ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, torí ohun tó ń wá kò lágbára. Agbára mágínẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ayé wà láàárín microtesla (òṣùwọ̀n agbára mágínẹ́ẹ̀tì) 25 sí 65. Lọ́dọ̀ wa, ó lé díẹ̀ ní 30. Páùṣì onídèérí tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì pa ara rẹ̀ dé, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fóònù kó lè dúró nínú mọ́tò, sípíkà tó wà lórí tábìlì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè fi ọgọ́rùn-ún lé e láìlàágùn. Ẹni tó gun orí dẹ́kìn ilé lọ wo ìràwọ̀ rò pé òun ti sá fún ìmọ́lẹ̀ àdúgbò, ó gbàgbé pé ọ̀pá irin ló kún inú kọnkéré tí òun dúró lé, àti pé irin ni ibi tí òun fọwọ́ rọ̀ mọ́.

Àwòrán 8 tí wọ́n ní kí èèyàn fi fóònù yà nínú afẹ́fẹ́ kì í ṣe oògùn, ó nídìí. Bí o bá yí fóònù sí gbogbo ìhà, òǹkà magnetometer yẹ kó ya bọ́ọ̀lù tí àárín rẹ̀ bọ́ sórí òdo. Irin inú fóònù fúnra rẹ̀, àti ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn, máa ń ti bọ́ọ̀lù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Yíyí yẹn ló ń jẹ́ kí fóònù mọ ibi tí àárín ti sún dé, kó sì yọ ọ́ kúrò. Ìdí nìyí tí páùṣì onídèérí fi burú jù: oníbàárà yí fóònù tán pẹ̀lú ìdérí pípa, ó wá ká ìdérí sẹ́yìn láti wo ojú ọ̀run, mágínẹ́ẹ̀tì ti kúrò níbi tó wà, àárín bọ́ọ̀lù tún ti sún. Ohun tí o lè ṣe nínú kóòdù ni pé kí o ka x, y àti z tí magnetometer fún ọ, wá àpapọ̀ agbára wọn, kí o fi wé ohun tí getFieldStrength nínú GeomagneticField ti Android sọ fún ìlú náà. Rántí pé nanotesla (ìdá ẹgbẹ̀rún microtesla) ni tiwọn, fi 1,000 pín in. Bí méjèèjì bá fi ju 10 lọ yàtọ̀ síra, má ya ojú ọ̀run bí ẹni tó dá lójú, kọ ọ́ síta pé "irin tàbí mágínẹ́ẹ̀tì wà nítòsí, yọ páùṣì kúrò." Ìlà kan yìí yóò gbà ọ́ lọ́wọ́ èébú ju dátà tí o fẹ́ ná owó lé lọ.

Àríwá tí kọ́ńpáàsì mọ̀ kì í sì í ṣe àríwá gidi. Láti Èkó dé Ìlọrin, ìyàtọ̀ wọn kò tó dígírì méjì, nítorí náà ẹni tó ń dán áàpù rẹ̀ wò nílé lè gbàgbé rẹ̀ pátápátá kí gbogbo nǹkan sì máa lọ déédéé. Ẹni tó ṣí áàpù kan náà ní Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní Brazil, yóò rí ojú ọ̀run tó ṣìnà ju dígírì 20 lọ, torí pé ibẹ̀ ni kọ́ńpáàsì ti yà sí ìwọ̀-oòrùn tó bẹ́ẹ̀. getDeclination, nínú GeomagneticField kan náà, ni yóò fún ọ ní iye náà. Fi kún un nígbà gbogbo, kódà bí o kò bá rí ìwúlò rẹ̀ nílé. Àwòṣe tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń tún un ṣe.

Àléébù kan wà tí àwọn tó ń kọ irú áàpù yìí ní Lọ́ńdọ̀nù kì í tètè rí, tó sì jẹ́ tiwa gan-an. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí èèyàn fẹ́ wò máa ń gba àtàrí kọjá. Ìlọrin wà ní nǹkan bíi dígírì 8.5 sí àríwá agbedeméjì ayé, nítorí náà ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò ní ìbàdí Orion, àgbájọ ìràwọ̀ tó dà bí ọdẹ, máa ń ga tó dígírì 80 tí wọ́n bá dé góńgó. Ní Lọ́ńdọ̀nù, bíi 37 ni wọ́n mọ. Pílánẹ́ẹ̀tì tó bá lọ sílẹ̀ jù lọ́dọ̀ wa ṣì ń ga ju 50 lọ ní góńgó tirẹ̀. Wá wo kóòdù rẹ. Bí o bá pe getOrientation ti Android, tí o gba igun mẹ́ta tó ń sọ ibi tí fóònù dojú kọ, tí o sì fi wọ́n ya ojú ọ̀run, wàhálà ti dé nìyẹn. Nígbà tí fóònù bá wo dígírì 85 sókè, ìgbọ̀n ọwọ́ tí kò ju dígírì kan lọ yóò di yíyí tó lé ní 11 nínú igun tó ń ka àríwá, torí pé cosine gíga náà ló ń pín in. Ní 89, ó di 57. Ohun tí oníbàárà rí ni ojú ọ̀run tó ń yí bí òkòtó nígbà tí òun dúró jẹ́ẹ́. Kò sí fílítà tó lè wo èyí sàn. Kí o má sọ ọ́ di igun rárá ni ojútùú rẹ̀: gba rotation matrix, ìyẹn àtẹ nọ́ńbà mẹ́sàn-án tó ń sọ bí fóònù ṣe yí, láti ọwọ́ getRotationMatrixFromVector, sọ ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan di ọfà tó ní x, y àti z tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 1, fi matrix yí ọfà náà, kí o sì yà á sójú fóònù. Bí o bá fẹ́ mú gbígbọ̀n rẹ̀ rọlẹ̀, ọfà tàbí quaternion (nọ́ńbà mẹ́rin tó ń sọ bí nǹkan ṣe yí) ni kí o máa fi ṣe ìpíndọ́gba, kì í ṣe igun. Ìpíndọ́gba 359 àti 1 nínú ìṣirò lásán jẹ́ 180, ẹni tó ń wo àríwá á kàn rí gúúsù fìrí.

Àṣìṣe méjì míì wà tó máa ń fara wé ẹ̀bi kọ́ńpáàsì. Èkíní ni àmì ìlà-òòró (longitude). Ìlọrin wà ní nǹkan bíi dígírì 4.5 sí ìlà-oòrùn Greenwich. Bí ibì kan nínú kóòdù rẹ bá ń retí kí ìwọ̀-oòrùn jẹ́ nọ́ńbà rere, dígírì 9 ni ojú ọ̀run fi máa sún, ó sì máa jọ kọ́ńpáàsì tí kò dára. Ará Amẹ́ríkà tó bá ṣe irú àṣìṣe yìí yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ìràwọ̀ ọ̀sán ni yóò máa rí lóru; àwa tí a sún mọ́ Greenwich lè gbé e kiri fún ọdún kan. Èkejì ni àkókò. Ayé ń yí dígírì 15 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú mẹ́rin jẹ́ dígírì kan. Nàìjíríà àti Benin fi wákàtí kan ṣáájú UTC, aago àgbáyé, Togo kò fi nǹkan kan ṣáájú. Bí o bá kọ wákàtí kan yẹn sínú kóòdù pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ, ẹni tó wọkọ̀ láti Kútọnu lọ sí Lomé yóò bá ojú ọ̀run tó ti sún dígírì 15. UTC nìkan ni kí ìṣirò rẹ mọ̀. Ìlànà tó tó fún áàpù bíi tìrẹ rèé: 100.46, fi 0.985647 tí a fi d lọ́po kún un, fi ìlà-òòró kún un, fi wákàtí UTC tí a fi 15 lọ́po kún un, kí o sì yọ 360 títí yóò fi kù ohun tó wà lábẹ́ 360. d ni iye ọjọ́, pẹ̀lú ìdá rẹ̀, láti ọ̀sán gangan ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2000. Èyí ló ń sọ apá ibi tí ọ̀run yí dé lókè ìlú rẹ.

N kò rí kóòdù rẹ, n kò sì lè jókòó síbí kí n sọ èyí tó ń bá ọ jà. Àmọ́ alẹ́ kan tó fún ọ láti mọ̀ ọ́n. Kọ́kọ́ tẹ gíga àti ìhà òṣùpá tí áàpù rẹ ṣírò sójú fóònù ní nọ́ńbà, kí o fi wé ti Stellarium lórí kọ̀ǹpútà tàbí ìkànnì JPL Horizons ti NASA, ìlú kan náà, ìṣẹ́jú kan náà. Bí ìyàtọ̀ wọn bá tó dígírì kan, má dá kọ́ńpáàsì lẹ́bi, àmì ìlà-òòró tàbí àkókò ni kí o lọ wò. Ti òṣùpá ló máa ń fi díẹ̀ yàtọ̀ bí a bá wò ó láti ojú ilẹ̀ dípò àárín ayé, kò sì ju nǹkan bíi dígírì kan lọ. Bó bá rú ọ lójú, fi ìràwọ̀ Sirius dán an wò. Bí nọ́ńbà bá bára mu, yọ páùṣì, jáde sí pápá, jìnnà sí mọ́tò àti ọgbà onírin, yí fóònù ní àwòrán 8, kí o dojú kọ òṣùpá. Bó bá ṣìnà sọ́tùn-ún tàbí sósì nìkan, kọ́ńpáàsì ni. Bó bá ṣìnà sókè sódò, bóyá o ti da x, y àti z sẹ́ńsọ̀ rú mọ́ra nígbà tí a dá fóònù dùbúlẹ̀ ní ìbú. Bó bá dára nígbà tí òṣùpá wà nísàlẹ̀ tó sì ń ya wèrè bó ṣe ń gòkè, igun mẹ́ta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni.

Kó tó di pé o yọ̀, ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú tí àwọn èèyàn ń rà ní Computer Village ní Ìkẹjà kò ní gyroscope, àwọn kan kò tilẹ̀ ní magnetometer rárá. Lórí èyí tí kò ní gyroscope, TYPE_GEOMAGNETIC_ROTATION_VECTOR ti Android, tó ń fi accelerometer àti magnetometer ṣiṣẹ́, lè tó, ṣùgbọ́n ó máa ń gbọ̀n. Lórí èyí tí kò ní magnetometer, kò sí ohun tí o lè kọ tí yóò fi mọ àríwá. O lè sọ nínú manifest, fáìlì tó ń sọ ohun tí áàpù nílò, pé kọ́ńpáàsì jẹ́ dandan, Play Store á fi áàpù rẹ pa mọ́ fún irú fóònù bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ rẹ á gòkè, àwọn tó lè gbà á á dínkù. Èmi kò ní ṣe é. Èyí tí mo fara mọ́ ni kí o jẹ́ kí oníbàárà fi ìka fa ojú ọ̀run títí òṣùpá tàbí ìràwọ̀ kan tó dá a lójú yóò fi bọ́ sí ipò, kí áàpù rántí ìyàtọ̀ náà. Bí gyroscope bá wà, TYPE_GAME_ROTATION_VECTOR tí kì í bi magnetometer léèrè ni kí ó máa tẹ̀ lé láti ìgbà náà lọ. Yóò máa rọra ṣí kúrò nípò, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan oníbàárà á tún fà á. Fún ẹni tó dúró lórí dẹ́kìn, ọ̀nà yìí dára ju kọ́ńpáàsì tó gbówó lórí jù lọ. Kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́ áàpù náà pé kọ́ńpáàsì fóònù lè fi ìbú ìka mélòó kan ṣìnà. Ìka tó kéré jù, bí o bá na ọwọ́ tán, bo nǹkan bíi dígírì kan. Ìkúùkù bo mẹ́wàá. Ẹni tó bá ti mọ èyí tẹ́lẹ̀ kì í bínú.

Àwọn kékeré míì ń jẹ ìràwọ̀ rẹ láìjẹ́ pé o mọ̀. Má ṣe béèrè ibi tí èèyàn wà gan-an: dígírì kan lórí ilẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 111, nítorí náà bí o bá fi kìlómítà mẹ́wàá ṣì í, kò tó ìdá mẹ́wàá dígírì. Ibi tó súnmọ́ ọn ti tó, tàbí kí ẹni náà mú orúkọ ìlú rẹ̀. Ìbẹ̀rù á dínkù. Ojú máa ń lo bíi ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó mọ́ra pẹ̀lú òkùnkùn, ìpolówó funfun kan péré á sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àwọ̀ pupa òru gbọ́dọ̀ kan gbogbo ojú ìwé, títí dé àpótí ìbéèrè àti pátákó ìtẹ̀wé. Tí o bá sì fẹ́ kọ orúkọ ní Yorùbá, ṣọ́ra fún ẹ́ àti ọ̀. Wọn kò ní àmì ẹyọ kan nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń to lẹ́tà gbogbo èdè. Lẹ́tà tó ní àmì sábẹ́ ni, ohùn á wá gùn ún lórí. Ẹni tó bá ń ya lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú àwòrán fọ́ǹtì, bí ọ̀pọ̀ kóòdù OpenGL (irinṣẹ́ ìyàwòrán) ṣe ń ṣe, yóò rí àmì ohùn tó jábọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà rẹ̀. Jẹ́ kí Android fúnra rẹ̀ kọ orúkọ náà sórí Canvas, pátákó ìyàwòrán tirẹ̀, kí o wá sọ ọ́ di àwòrán. Níbi ìwákiri, bọ́ gbogbo àmì kúrò, kí ẹni tó tẹ "aguala" lè bá Àgùàlà pàdé.

Sátẹ́láìtì nìkan ni dátà tó ń bàjẹ́ lóòótọ́. Ibùdó òfuurufú ISS ń yí ayé ká ní nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú, afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó kù lókè ń fà á sẹ́yìn, wọ́n sì ń tì í sókè látìgbàdégbà, nítorí náà òǹkà ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ti di àlọ́. Ìkànnì CelesTrak ń pín òǹkà tuntun lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí gbogbo fóònù oníbàárà rẹ lọ máa kan ilẹ̀kùn wọn. Wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá yọ wọ́n lẹ́nu. Gba á sórí sáfà kékeré tìrẹ, kí ó má yá ju ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí méjì lọ, kí àwọn fóònù máa gbà á lọ́wọ́ tìrẹ. Owó sáfà yẹn ni owó àkọ́kọ́ tí áàpù "ọ̀fẹ́" máa ń jẹ lóṣooṣù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Play Store gba dọ́là 25 lọ́wọ́ rẹ lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá fẹ́ wọ ti Apple, dọ́là 99 ni lọ́dọọdún, wàá sì nílò Mac. Nínú ohun tí o bá tà, Google ń yọ 15 nínú ọgọ́rùn-ún títí yóò fi pé mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún, ààlà tí kò yẹ kó dí ọ lójú oorun. Jẹ́ ká ṣe ìṣirò àfinúrò: ká ní ẹgbàárùn-ún èèyàn gba áàpù rẹ, tí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún san ₦2,000 lẹ́ẹ̀kan. ₦200,000 nìyẹn, ₦170,000 ló kàn ọ́. Fi wé owó oṣù rẹ, kí o sì rántí pé ẹni tó ti san kò ní san mọ́. Àwọn kan á ní kí o gba owó lóṣooṣù. Kí lo fẹ́ máa fún wọn lóṣooṣù? Ìràwọ̀ àná ni ìràwọ̀ òní, àwọn oníbàárà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ síbi tí wọ́n ti ń bú ọ. Ìpolówó sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lókè: òkùnkùn ni ọjà rẹ, ìmọ́lẹ̀ ni ìpolówó, AdMob, ilé ìpolówó Google, kì í sì í sanwó títí yóò fi pé dọ́là 100. Sky Map àti àwọn míì wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí èmi yóò tà ni àfikún tí wọn kò ní, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni n óò sì gba owó rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni òfin dé. Lọ́dọọdún, nǹkan bí ìparí oṣù Ògún, Google máa ń béèrè pé kí áàpù bá Android tuntun mu. Bí o kò bá ṣe é, àwọn tó ra fóònù tuntun kò ní rí ọ mọ́. Bí èdè C++ bá wà nínú kóòdù rẹ, òfin page oní-16 KB, bí fóònù tuntun ṣe ń pín ìrántí rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2025 tún kàn ọ́. Fi ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ lọ́dún fún irú iṣẹ́ tí oníbàárà kò ní rí, tí kò sì ní dúpẹ́ rẹ̀. Má sì fi oṣù Bélú ṣírò ọdún. Lójò, láti Òkúdu dé Ọwẹ́wẹ̀, ìkùukùu bo wa lórí, ta ni yóò ṣí áàpù ìwòràwọ̀? Bí ọyẹ́ bá dé, eruku ló kù. Kí owó tó ń wọlé lóṣooṣù fún odidi oṣù méjìlá, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, ju ìdajì owó oṣù rẹ lọ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú àtifi báǹkì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ áàpù bẹ́ẹ̀ kò ní débẹ̀, kò sì sọ pé wọn kò dára. Bí o bá fẹ́ kúrò ní báǹkì dandan, ìmọ̀ sẹ́ńsọ̀ tí o ti kọ́ lára rẹ̀ yóò yá láti tà fún àwọn tó ń kọ áàpù míì ju áàpù náà fúnra rẹ̀ lọ.

Ibi tí mo ti rí àyè fún ọ wà níwájú ilé rẹ. Ìlọrin ni o wà. O mọ bí ọ̀rọ̀ oṣù ṣe máa ń rí nígbà tí Ràmàdáánì bá ń wọlé àti nígbà tó bá ń jáde. Ojú ìwé kan tó sọ ìgbà tí oòrùn wọ̀ ní ìlú yẹn gan-an, bí òṣùpá ṣe ga tó lákòókò náà, ìhà tó wà sí oòrùn àti iye dígírì tó wà láàárín wọn, láìlo dátà, yóò wúlò fún ẹni tó fẹ́ gbójú sókè. Bí àárín wọn kò bá tó nǹkan bíi dígírì méje, oṣù kì í hàn rárá. Òǹkà ni kí áàpù sọ. Kí ó má kéde pé oṣù lé o, ti Sultan Ṣókótó àti àwọn onímọ̀ nìyẹn. Yàtọ̀ síyẹn, Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni: ọmọ iléèwé tó ti gbọ́ èyí láti kékeré yóò fẹ́ rí i lójú fóònù pé pílánẹ́ẹ̀tì Venus ni, tí ó sì ń rìn ìrìn tirẹ̀. Ní 2019, nínú ètò IAU, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀, Nàìjíríà sọ ìràwọ̀ HD 43197 ní Amadioha, wọ́n sì sọ pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí i ká ní Equiano. Ojú lásán kò lè rí i, ṣùgbọ́n áàpù tó tọ́ka síbi tó wà fún ọmọ Nàìjíríà ní ohun tí èyí tó ti òkè òkun wá lè má rántí.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Ògún 2027, òṣùpá yóò bo oòrùn pátápátá láti Spain gba Morocco dé Íjíbítì, àríwá Nàìjíríà yóò rí i tí ó bu oòrùn jẹ díẹ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni èrò máa ń ya wọ áàpù bíi tìrẹ, nítorí náà parí iṣẹ́ rẹ kí ó tó ku oṣù kan, má sì gbé àtúnṣe kankan jáde lọ́sẹ̀ náà. Fún ìsinsìnyí, bẹ̀rẹ̀ láti ibi matrix àti àmì ìlà-òòró. Lẹ́yìn náà, padà sọ́dọ̀ àwọn tó fún ọ ní ìràwọ̀ kan, wọ́n lè yí i padà. Dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì bi wọ́n léèrè irú páùṣì tó wà lára fóònù wọn.